Oṣù Òdòdó ní Monrovia

Lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rìnrìn àjò lọ sórílẹ̀-èdè Netherlands láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, kí wọ́n lè wo pápá rẹpẹtẹ tí òdòdó tulip bò. Ní Làìbéríà náà, oṣù Kẹta loṣù òdòdó. Àmọ́ orí ibojì ni òdòdó tibẹ̀ máa ń wà, kì í ṣe inú oko.

Ọjọ́rú kejì nínú oṣù Kẹta ni wọ́n ń pè ní Decoration Day, ìyẹn ọjọ́ ṣíṣe ibojì lọ́ṣọ̀ọ́. Láti ọdún 1916 ló ti di ọjọ́ ìsinmi lábẹ́ òfin. Tẹbí tará á gbé àdá, ìgbálẹ̀, ọ̀dà àti òdòdó dání. Wọ́n á ṣán koríko, wọ́n á kun ibojì, wọ́n á wá tò òdòdó sórí rẹ̀. Àwọn kan máa ń lo òdòdó gidi, àwọn míì ń lo èyí tí wọ́n fi ike ṣe.

Ìmúrasílẹ̀

Monrovia wà lára àwọn olú ìlú tí òjò ti ń rọ̀ jù láyé. Oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹwàá lòjò máa ń pọ̀ níbẹ̀, torí náà oṣù Kẹta ṣì dáa fún ìrìn. Àmọ́ oòrùn máa ń mú. Kí àlejò mú agboòrùn, omi mímu àti bàtà tó bo ẹsẹ̀ dání.

Ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà, àmọ́ kó má gbàgbé ìwé ìrìnnà àti káàdì àjẹsára ibà pọ́njú. Dọ́là Amẹ́ríkà àti dọ́là Làìbéríà ni wọ́n jọ ń ná níbẹ̀. Kó tètè pààrọ̀ owó, torí ọjọ́ 15, oṣù Kẹta, tí wọ́n bí Joseph Jenkins Roberts, ààrẹ wọn àkọ́kọ́, tún jẹ́ ọjọ́ ìsinmi.

Ibi tí òdòdó ń lọ

Itẹ́ òkú Palm Grove wà ní Center Street, láàárín ìlú. Ibẹ̀ ni wọ́n kó Ààrẹ William Tolbert àtàwọn míì sí nínú kòtò kan náà lẹ́yìn tí wọ́n pa á ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹrin, ọdún 1980. Ogun ba ọ̀pọ̀ ibojì ibẹ̀ jẹ́, àwọn tí kò nílé sì ti fi àwọn kan ṣe ibùsùn. Ohun tó dáa jù ni pé kí àlejò bá ẹni tó mọ ibẹ̀ lọ. Bó bá fẹ́ kí ọ̀dọ́ kan bá òun ro ibojì, kí wọ́n jọ fẹnu kò lórí iye owó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan ò tiẹ̀ ní ibojì tí wọ́n máa ro. Ní Sinkor, ìràwọ̀ funfun ńlá méjì tó wà nílẹ̀ ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì St. Peter's Lutheran ló ń fi ibi tí wọ́n sin àwọn tí wọ́n pa níbẹ̀ sí hàn. Nǹkan bí 600 èèyàn làwọn ọmọ ogun pa ní ọjọ́ 29, oṣù Keje, ọdún 1990. Nígbà àrùn Ebola, tó pa èèyàn tó lé ní 4,800 ní Làìbéríà, ìjọba ní kí wọ́n sun òkú ní Monrovia. Disco Hill, itẹ́ òkú tí wọ́n ṣí lóṣù Kejìlá ọdún 2014, ni wọ́n kó eérú wọn lọ. Bí ọjọ́ òdòdó bá dé, ìyá tó wá síbẹ̀ kò lè nàka sí ibì kan pé, “Ọmọ mi nìyí.”

Ìwà tó yẹ àlejò

Kí àlejò kọ́kọ́ kí àwọn tó bá níbẹ̀, kó bá wọn kẹ́dùn, kó má sì gbé fóònù sókè láti ya fọ́tò láìgbàyè. Kó máa gba ọ̀nà tí wọ́n là, kó má gun ibojì. Ní Netherlands, wọ́n máa ń kìlọ̀ fáwọn àlejò pé kí wọ́n má tẹ òdòdó mọ́lẹ̀ torí fọ́tò. Ní Monrovia, èèyàn ẹni ló wà lábẹ́ òdòdó.