Ojú Tó Ń Wò Wá ní Dallas

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ odù. Ọ̀rọ̀ nípa ìwà wa lójú aládùúgbò ni, nítorí pé ní Dallas níbí, ọ̀pọ̀ èèyàn kò tíì rí olórìṣà rí àfi nínú fíìmù, níbi tí wọ́n ti ń fi wá ṣe ajẹ̀nìyàn. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fojú ara wọn rí lè jẹ́ àwa. Ohun tí wọ́n bá rí lára wa ni wọn yóò máa pè ní òrìṣà.

Ọkùnrin kan wà tí a máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kí a tó kọ́ wọn ní oríkì kankan. José Merced ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Puerto Rico ni, kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Oriaté ni nínú àṣà Lukumí, ìyẹn àṣà tí àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà fi sílẹ̀ fún ọmọ wọn, tó sì ti ibẹ̀ dé Puerto Rico àti Amẹ́ríkà. Ìlú Euless ni ilé rẹ̀ wà, láàárín Dallas àti Fort Worth, ní tòsí pápákọ̀ òfuurufú ńlá tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbà wọ ìlú yìí. Ọdún 16 ló fi ń bọ òrìṣà nínú ilé náà, tó ń fi ewúrẹ́, àgùntàn, adìẹ, ẹtù àti ẹyẹlé rúbọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. A kò ní láti sọ ohun tí 16 jẹ́ fún ẹni tó bá mọ iye ikin.

Ní ọdún 2006, àwọn ọlọ́pàá wá sọ fún un pé òfin ìlú kò fàyè gba ohun tó ń ṣe. Òfin náà gbà kí èèyàn pa adìẹ tàbí tòlótòló nínú ilé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gba ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ wo ohun tí Merced ṣe. Kò lọ fara pamọ́, kò sì pe òrìṣà ní orúkọ mìíràn. Ó gbéra, ó lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìlú, ó ní òun fẹ́ gba ìwé àṣẹ. Wọ́n ní kò sí ìwé àṣẹ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ló bá gbé wọn lọ sí kóòtù.

Ẹjọ́ náà kò rọrùn. Lóòótọ́, ní ọdún 1993, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti dá Ernesto Pichardo àti ìjọ rẹ̀ láre ní Hialeah, Florida. Ṣùgbọ́n àwọn olórìṣà gan-an ni òfin Hialeah dójú sọ. Ti Euless kan gbogbo ará ìlú, ó sì ti wà tipẹ́. Kóòtù àkọ́kọ́ dá ìjọba ìlú láre. Merced pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní ìparí oṣù Keje ọdún 2009, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní New Orleans yí ìdájọ́ náà padà, wọ́n sì gbé e karí òfin tí ìpínlẹ̀ Texas ṣe ní ọdún 1999 láti dáàbò bo ẹ̀sìn oníkálukú.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ fojú sí ni ohun tó dá ẹjọ́ náà. Ìjọba ìlú ní ìlera ará ìlú ni àwọn ń dáàbò bò. Kóòtù ní kí wọ́n mú ẹ̀rí wá. Wọ́n wá a tì. Láti ọdún 16, ìrúbọ Merced kò dá àìsàn sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kò sì fìyà jẹ ẹran ju bó ti yẹ lọ. Agbẹjọ́rò lè ní ẹnu dídùn tó bí oyin, ṣùgbọ́n ká ní ọkùnrin yìí ti máa ń ju ìyókù ẹran káàkiri ni, kí ni agbẹjọ́rò ìbá rí sọ? Ohun tó ń ṣe nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò ó ló wá di ẹlẹ́rìí rẹ̀ nígbà tí gbogbo ayé ń wò ó.

Ọmọ Yorùbá pọ̀ ní agbègbè yìí. Ìjọ Ìràpadà ní àgọ́ ńlá ní Floyd, kò jìnnà sí wa, a kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀sìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín, ó sì máa ń dùn wá, pé ọmọ Puerto Rico ló dúró ní kóòtù Amẹ́ríkà nítorí Ọbàtálá àti Ṣàngó, nígbà tí ọmọ ìlú wa bá rí ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn wa ní ọjà, tó sì fi ọ̀nà sílẹ̀ fún wa bí ẹni rí ejò.

Kì í ṣe gbogbo àgbà ló fẹ́ràn ohun tí Merced ṣe o. A mọ àwọn kan tó ní ó tú awo síta, pé ìdákẹ́jẹ́ ló gbé òrìṣà la ọdún ẹrú já. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ẹni tó lè pàdánù iṣẹ́ tàbí ọmọ kò gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹni tí kò ní nǹkan láti pàdánù. Síbẹ̀, lójú tiwa, awo yàtọ̀ sí irọ́. Ẹni tó kọ̀ láti sọ ohun tó wà nínú igbá ń pa awo mọ́. Ẹni tó ní kò sí igbá nílé òun ló ń purọ́.

Àwa náà ń gbìyànjú. Kí a tó lu ìlù, a máa ń kàn sí ilé méjèèjì tó tì wá, a ó sọ àkókò tí a ó parí, a ó sì parí nígbà náà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n kì í mú ọ̀bẹ. Ẹran tí ó ṣe é jẹ, a máa sè é, a máa jẹ ẹ́. Tí Èṣù bá ní kí a gbé nǹkan sí oríta, ewé ni a fi ń gbé e, kì í ṣe abọ́ tàbí ọ̀rá. Oríta Dallas kì í ṣe oríta oko, ọmọdé ń fi kẹ̀kẹ́ kọjá níbẹ̀. Àwọn tó ń ta oyè lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní èyí, nítorí kò sówó níbẹ̀.

Ọmọ wa kan, nọ́ọ̀sì ni, ṣe Ọbàtálá lọ́dún yìí. Orí rẹ̀ tó fá àti aṣọ funfun mú kí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rò pé jẹjẹrẹ ló ń ṣe é. Wọ́n ń gbé oúnjẹ wá fún un, wọ́n ń sunkún. Ó sáré wá bá ìyá wa.

“Ìyá, ṣé kí n kúkú jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀? Ó rọrùn ju àlàyé lọ.”

“Ọmọ mi,” ni ìyá wa wí, “o fẹ́ fi Ọbàtálá ṣe àìsàn? Sọ fún wọn pé ara rẹ le, pé ẹ̀sìn rẹ ni. Bí wọ́n bá bi ọ́ sí i, dáhùn. Bí wọn kò bá bi ọ́, ṣe iṣẹ́ rẹ. Kí o sì dá abọ́ wọn padà, kí o má dá a padà lófìfo.”

Ó sọ fún wọn. Ẹnìkan kò bá a jẹun mọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹlòmíràn, obìnrin kan láti El Salvador, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ìyá àgbà òun náà máa ń gbé omi sẹ́yìn ilẹ̀kùn, òun kò sì mọ ìdí rẹ̀. Ó ti wá sílé wa lẹ́ẹ̀mejì báyìí, ó kàn jókòó ni, kò bèèrè ohunkóhun.

A ní arákùnrin kan tí kò tíì lè sọ ọ́ níbi iṣẹ́. Olùkọ́ ni, ọmọ mẹ́ta ló sì ń bọ́. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò tì í. Tí a bá ń bọ òrìṣà, ó máa ń gbé mọ́tò rẹ̀ sí òpópónà kejì, á fẹsẹ̀ rìn wá, òun náà ló sì máa ń gbálẹ̀ kẹ́yìn, tí yóò gbá ìyẹ́ adìẹ títí dé ẹnu ọ̀nà àwọn aládùúgbò.