Yìnyín Ń Yọ́, Kòkó Ń Kú, Ìjà Ò Tán

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀. Ẹ ní sùúrù, ẹ kà á tán.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, ó ní: "Daddy, kí ló dé tí Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà àti Ṣáínà ń du ibi tó jẹ́ kìkì yìnyín? Ṣé àmì ìgbà ìkẹyìn nìyẹn?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. A ní kó jẹ́ ká lọ kà nípa ẹ̀ ká tó fèsì.

Ohun tá a rí rèé. Òkun tó wà ní òkè téńté ayé, níhà àríwá, yìnyín ló bò ó látayébáyé. Ayé wá ń gbóná, ibẹ̀ sì ń yára gbóná ju ibòmíì lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin. Bí yìnyín ṣe ń yọ́, ọ̀nà ń là fún ọkọ̀ ojú omi láti Ṣáínà dé Yúróòpù, ọwọ́ sì fẹ́ máa tó epo àti gáàsì tó wà nísàlẹ̀. Ni gbogbo ojú bá yí síbẹ̀. Ní 2007, àwọn ará Rọ́ṣíà fi ọkọ̀ abẹ́ omi sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ òkun, wọ́n ri àsíá wọn mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ní 2018, Ṣáínà tó jìnnà réré ní òun náà sún mọ́ ibẹ̀. Ní ti Greenland tó wà lábẹ́ Dẹ́nmáàkì, Truman ti fi wúrà ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là lọ̀ wọ́n ní 1946. Trump tún gbé ọ̀rọ̀ náà dìde ní 2019 àti 2025. Àwọn onílẹ̀, tí wọn ò ju bí 57,000 lọ, ní ilẹ̀ àwọn kì í ṣe títà.

Ṣé ẹ ò tíì gbọ́ irú ẹ̀ rí? Áhábù ọba ní ààfin, ó ní ilẹ̀, síbẹ̀ ọgbà Nábótì ló wọ̀ ọ́ lójú. Owó náà wà lára ohun tó kọ́kọ́ fi lọ̀ ọ́. Ẹ mọ bó ṣe parí.

Èéfín epo tí ayé ń jó wà lára ohun tó ń yọ́ yìnyín yẹn. Wọ́n tún wá ń sáré lọ wa epo sí i níbi tó ti yọ́! Ilé ń jó, àwọn ọmọ bàbá ń du yàrá. Omi yìnyín orí ilẹ̀ Greenland náà, inú òkun ló ń ṣàn lọ. Ẹ wo Ayétòrò ní etíkun Ìlàjẹ, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀dó ní 1947: òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ níbẹ̀. Kì í ṣe yìnyín nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n òkun tó ń ga sí i wà nínú ẹ̀.

Àmọ́ kí àwa ará Ifẹ̀ má fi ọwọ́ òsì júwe ẹnikẹ́ni. Láti 1997 sí 2000, Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ jà. Ọ̀rọ̀ ibi tí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ máa wà ló tanná ràn án, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìṣákọ́lẹ̀ ti wà nísàlẹ̀ tipẹ́. Ọ̀dọ́ ni wá nígbà náà. A rí ilé tó jóná. A rí àwọn tó ti jọ ń ná ọjà kan náà tí wọn ò lè dá títì kọjá mọ́. A ò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ọmọ ìhà méjèèjì ló wà nínú ìjọ wa lónìí.

Ẹ jẹ́ ká sọ tiwa, bó tilẹ̀ ń tì wá lójú. Ọdún mẹ́fà rèé tí àwa àti àbúrò wa ò jọ jẹun, nítorí oko kòkó bàbá wa lọ́nà Oǹdó. A gba lọ́yà, òun náà gba lọ́yà. Lóṣù tó kọjá a mú awọnlẹ̀ dé oko láti ri òpó ààlà. Bàbá tó ń bá wa ṣọ́ ọ wò wá, ó ní: "Pásítọ̀, kí lẹ fẹ́ pín?" Òjò ò dé lásìkò mọ́; tó bá sì dé, á rọ̀ jù. Igi ti gbẹ lápá kan, kòkó ń dúdú lórí igi. Nítorí ẹjọ́, kò sẹ́ni tó fín oògùn, kò sẹ́ni tó gbin tuntun. Háà! Áhábù tá à ń bú lórí pẹpẹ, àwa gan-an rèé.

Kánádà àti Dẹ́nmáàkì du erékùṣù kékeré kan níbi yìnyín yẹn, Hans lórúkọ ẹ̀, fún bí àádọ́ta ọdún. Tí sọ́jà ibí bá dé, á ri àsíá, á fi ọtí sílẹ̀. Tọ̀hún náà á ṣe bẹ́ẹ̀. (Ẹ má fi ti ọtí yẹn ṣe àwòkọ́ṣe o!) Ní 2022, wọ́n pín in sí méjì, ó parí. Ábúráhámù náà, òun ni àgbà, síbẹ̀ ó ní kí Lọ́ọ̀tì kọ́kọ́ mú.

A pe àbúrò wa lánàá. A ní, "Mú apá tó bá wù ẹ́." Ó dákẹ́ pẹ́, ó wá ní, "Bọ̀dá mi, ṣé lọ́yà yín ló ní kẹ́ ẹ pè?" Ó dùn wá, ṣùgbọ́n àwa la fà á. Kò tíì parí. A jọ ń lọ oko ní Sátidé, láìsí awọnlẹ̀, láìsí lọ́yà.

Ọmọ wa tó béèrè, Olúwa nìkan ló mọ ọjọ́ àti wákàtí. Ohun tá a mọ̀ ni pé Ẹni tó ni ilẹ̀ máa béèrè bá a ṣe tọ́jú ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá ẹbí ṣẹjọ́ ilẹ̀, ẹ pè é lónìí, kó tó di pé kò sí ohun tẹ́ ẹ máa pín. Ẹ rántí wa ládùúrà ní Sátidé. Ẹ kọ Àmín.