Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń yẹ̀ wò, kì í ṣe WAEC o!

Ẹ̀yin obìnrin tó ń ṣe IVF, ẹ̀yin ni mo ń bá wí, torí èmi náà ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn rí. Bí nọ́ọ̀sì bá ti fún èèyàn ní èsì ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ báyìí, wọ́n á ní, "Ìyá Ìbejì, èló ni tìẹ?" Ẹni tí tiẹ̀ pọ̀ á máa rẹ́rìn-ín, ẹni tí tiẹ̀ kéré á máa fi ìborùn nu ojú. Wọ́n ti sọ ọ́ di WAEC nìyẹn!

Estradiol ni nọ́ńbà ọ̀hún. Abẹ́rẹ́ FSH tí wọ́n ń gún wa níkùn, bí ọjọ́ 8 sí 12, ló ń mú kí àwọn àpò omi kéékèèké tí ẹyin wà nínú wọn dàgbà. Bí wọ́n ṣe ń dàgbà ni wọ́n ń tú estradiol sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹyọ kan tó ti gbó lè mú bíi 200 sí 300 wá, tí wọ́n bá fi pg/ml kọ ọ́. Ẹni tó ní 3,000, bóyá mẹ́wàá ló ń dàgbà nínú ẹ̀. Lóòótọ́, àǹfààní wà nínú kí ẹyin pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní oyún á dúró. Louise Brown, ọmọ IVF àkọ́kọ́ láyé, tí wọ́n bí ní England ní 1978, ẹyin kan ṣoṣo ni, wọn ò sì fi abẹ́rẹ́ kankan mú ẹyin ìyá ẹ̀ pọ̀.

Àpọ̀jù gan-an léwu, ẹ jàre. Ikùn á wú, omi á kún inú, mímí á nira. OHSS ni wọ́n ń pè é, ó lè gbẹ̀mí èèyàn.

Èyí tí ẹnikẹ́ni kì í bèèrè ni progesterone. Tíyẹn bá ti yára ga kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́ àṣekágbá tó ń mú ẹyin gbó, ilé-ọmọ ti ṣílẹ̀kùn ṣáájú àlejò nìyẹn. Kí ọlẹ̀ tó dé, ilẹ̀kùn lè ti padé.

Ní 2019, estradiol tèmi ga kọjá ààlà. Dókítà ní àwọn ò ní dá ọlẹ̀ padà sínú mi lóṣù yẹn, àwọn á fi pa mọ́ sínú yìnyín. Ìyá ọkọ mi pariwo, "Wọ́n ti jẹ owó yín!" Ọkọ mi, tó ti ta mọ́tò nítorí ẹ̀, kò lè jẹun. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, Mà. Àgbàdo tí àgbẹ̀ so rọ̀ sí àjà de òjò, ṣé ó ti sọnù ni?" Wọ́n wò mí, wọn ò fèsì.

Ọlẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n dá padà kò dúró. Ìkejì ló dúró, òun ló ń da ilé rú báyìí, tí ìyá àgbà ẹ̀ ò sì jẹ́ kí n bá a wí.