Àwọn Ilé Kòkó Àtijọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde

Kò sí ibùdó rélùwéè ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò sì sí níbẹ̀ rí. Nígbà tí ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà irin láti Èkó ní 1896, Abẹ́òkúta ni wọ́n là á gbà, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Ṣùgbọ́n ọjà ń ti ọ̀dọ̀ tiwa náà jáde: orí ni àwọn alárù fi ń rù ú lọ sí Èjìnrìn létí ọ̀sà, ọkọ̀ ojú omi a sì gbé e dé Èkó.

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni mo ti ń wá àwọn ilé tí wọ́n ń kó kòkó sí kiri ìlú. Ní kékeré, mo máa ń tẹ̀ lé bàbá mi lọ síbẹ̀. Ẹ̀rù ayẹ̀kòkówò ni ó máa ń bà wá jù! Bí ó bá la kóró kòkó, tí ó rí i pé ó ti bu, làálàá ọdún kan di òfo. Bí ó bá dára, a fi òǹtẹ̀ lu àpò, bàbá mi a sì ra àkàrà fún mi.

Ní 1986, ìjọba pa àjọ tí ń ra kòkó rẹ́. Mẹ́ta ni mo rí nínú àwọn ilé náà. Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ń tà nínú ọ̀kan. Ọ̀kan ti di ṣọ́ọ̀ṣì. Kí n tó padà lọ wọn ẹ̀kẹta, wọ́n ti wó o. Mo ti ya àwòrán méjì tí ó kù sínú ìwé mi. Ibi tí òṣùwọ̀n dúró sí ni ó kù. Bàbá arúgbó kan ní kí n wá ní ọjọ́ Sátidé, òun yóò fi hàn mí.