Ẹni tó bá kọ́lé sọ́nà Ìyànà Ìpájà tó gbàgbé wáyà, ògiri ni yóò tún fọ́

Kó tó di aago mẹ́fà àárọ̀ ni ariwo ti máa ń gba abẹ́ bíríìjì Ìyànà Ìpájà kan. "Ọ̀ṣọ́dì! Ọ̀ṣọ́dì wọlé!" "Ẹgbẹ́dá, Ìdímù, Ìkòtún!" "Ayọ̀bọ̀, ẹnì kan péré ló kù!" Bẹ́ẹ̀ ẹnì kan péré tí kọ̀ńdọ́ ń pariwo yìí, èèyàn mẹ́rin ni yóò ṣì kó sí i kí ọkọ̀ tó gbéra. Orúkọ ibẹ̀ ti sọ iṣẹ́ ẹ̀: ibi tí èèyàn ti ń yà sí Ìpájà ni, tó bá ń bọ̀ láti Ọ̀ṣọ́dì tó kọrí sí ọ̀nà Abẹ́òkúta. Dánfó wà níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá wà níbẹ̀, láti ọdún 2020 sì ni bọ́ọ̀sì BRT tó ń ná Ọ̀ṣọ́dì sí Abúlé Ẹ̀gbá ti ń gba ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ wo àwọn tó ń wọkọ̀ Ayọ̀bọ̀ yóò rí i pé iṣẹ́ ọ́fíìsì kọ́ ni gbogbo wọn ń lọ. Èyí gbé ìdì páìpù funfun lé èjìká, tọ̀hún gbá róòlù wáyà mẹ́rin mọ́yà, ìyá kan gbé garawa ọ̀dà sórí itan bí ẹni gbé ọmọ. Àwọn tó ń kọ́lé nìyẹn.

Ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ni gbogbo ibẹ̀ wà. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn lọ́dún 2006, ìjọba àpapọ̀ ní àwọn tó ń gbé Alímọ̀ṣọ́ jẹ́ 1,277,714; ìjọba Èkó ní kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, pé èyí tí àwọn kà lé ní mílíọ̀nù méjì. Èyí tó bá wu kálukú ni kó gbà gbọ́ nínú méjèèjì, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Èkó tí èrò pọ̀ tó tiwọn nínú ìṣirò méjèèjì. Ìjọba náà sì wà lára àwọn tó fa èèyàn lọ síbẹ̀. Lateef Jakande ti ẹgbẹ́ UPN, tó ṣe gómìnà Èkó láti ọdún 1979 títí di ìparí 1983, kọ́ ilé sí Abẹ̀ṣan ní Ìpájà. Shehu Shagari ti ẹgbẹ́ NPN, tó ń ṣe Ààrẹ lásìkò kan náà, kò gbà kí Jakande nìkan gbayì níbẹ̀, ìjọba tiẹ̀ náà kọ́ ilé tira, òun ni wọ́n ń pè ní Shagari Estate títí dòní. Òṣèlú ni o, ṣùgbọ́n àwọn tó rílé gbé kò bá wọn jà.

Láyé ìgbà náà, ilé tó bá ti ní iná NEPA, tó ní fáànù lókè àjà, tí ọ̀pá áńtẹ́nà sì ga fíofío lẹ́yìn ẹ̀ kí tẹlifíṣàn lè mú dáadáa, ilé ọlọ́lá ni. Ẹni tó bá tún wá rí fóònù NITEL gbà, gbogbo àdúgbò ni yóò mọ̀, nítorí ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni wọn yóò ti máa wá gba ìpè láti Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ilé kan wà tí wọ́n ri páìpù fóònù mọ́ ògiri wọn tí wáyà NITEL kò dé ibẹ̀ rí títí tí MTN àti Econet fi gbé fóònù alágbèéká dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2001. Wọ́n ní owó ṣòfò. Àmọ́ páìpù kò jẹ oúnjẹ, kì í sì í gba owó oṣù. Ilé tí irú páìpù bẹ́ẹ̀ bá wà lónìí, wáyà kámẹ́rà tàbí ti íńtánẹ́ẹ̀tì ló máa ń gba ibẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, láìfọ́ nǹkan kan.

Ohun tí ọ̀pọ̀ láńlọ́ọ̀dù kì í rò nìyí. Ọ̀dọ̀ bíríkìlà àti káfíńtà lowó wọn máa ń tán sí. Tí ilé bá ti gbé páànù sórí, ara á balẹ̀, wọ́n á ní ó kù díẹ̀. Oníná á wá sọ pé, "Alàgbà, kí wọ́n tó lẹ pílásítà, ẹ jẹ́ ká la ògiri síbi tí amúlétutù máa wà ní yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ká sì fi páìpù òfìfo kan gòkè àjà." Alàgbà á ní, "Amúlétutù kẹ̀? Ta ló fẹ́ ra amúlétutù? Ṣe iná àti sọ́kẹ́ẹ̀tì kan kan fún mi ná." Ọdún kan lẹ́yìn náà, wọ́n ti kun ilé, ó ń dán, ọmọ tó wà ní Kánádà fi owó amúlétutù ránṣẹ́ kí Mọ́mì má baà máa làágùn. Ọjọ́ náà ni òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì á wọ yàrá. Eruku á bo bẹ́ẹ̀dì, ọ̀dà á bó, owó tí wọn ò san nígbà tí ògiri ṣì jẹ́ búlọ́ọ̀kù lásán, wọ́n á san án ní ìlọ́po.

Àwọn kan kì í tiẹ̀ fọ́ ògiri, wọ́n á kàn fa amúlétutù mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń lọ aṣọ. Ewu nìyẹn. Wáyà 1.5 wà fún gílóòbù, 2.5 wà fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 ni àwọn oníná tó mọṣẹ́ máa ń fà fún amúlétutù àti ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná. Èyí tó bá tín-ín-rín ju ẹrù tó ń gbé lọ yóò máa gbóná nínú ògiri níbi tí ojú ò tó o, títí tí yóò fi gbiná. Ọ̀pá kọ́pà tí wọ́n máa ń rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ńkọ́, kí iná tó bá ṣìnà lè wọlẹ̀ lọ? Òun ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń yọ kúrò nínú ìwé ọjà tí owó bá fẹ́ máa wọ́n.

Ọ̀rọ̀ iná gan-an wá ló le jù. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2013 tí wọ́n ti pín PHCN fún àwọn aládàáni, Ikeja Electric ló ń tajà iná lágbègbè yìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n sọ owó iná àwọn tó wà ní Band A di náírà 225 fún ìwọ̀n kan, láti bíi náírà 68. Band A ló yẹ kó máa rí iná wákàtí 20 lójúmọ́, B wákàtí 16, C 12, D mẹ́jọ, E mẹ́rin péré. Àdúgbò méjì tí ògiri kan ṣoṣo pààlà sáàárín wọn lè má wà lórí okùn iná kan náà. Àwọn tọ̀hún á máa wo bọ́ọ̀lù, àwọn tibí á máa wá àtùpà. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ aládùúgbò ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ kọ́lé kọ́kọ́ lọ béèrè, kó tó lọ ná ọjà sólà ní Àlábà.

Nítorí sólà ni gbogbo wọn ń sọ báyìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí jálá epo bẹ́ńtíróòlù wá ń gun òkè bí ọ̀bọ, tí lítà kan fi sún mọ́ náírà 1,000 l'Ékòó nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2024, jẹnẹrétọ̀ ti di nǹkan àlejò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun fẹ́ ṣe ínfátà, ìṣirò ni kó kọ́kọ́ ṣe. Fáànù márùn-ún tó ń jẹ wáàtì 75 kọ̀ọ̀kan, 375 nìyẹn. Gílóòbù LED mẹ́wàá, 100. Tẹlifíṣàn, 100. Fíríìjì, 150. Ó di wáàtì 725. Bátìrì olómi ti 12 fóòtì, 200 Ah, ìdajì agbára ẹ̀ ló yẹ kéèyàn lò tí kò bá fẹ́ kó tètè kú. Mẹ́rin irú ẹ̀ ló máa gbé ẹrù yẹn fún nǹkan bí wákàtí mẹ́fà. Ẹ wá tan amúlétutù ẹyọ kan mọ́ ọn, ti 1 HP tó ń jẹ nǹkan bí wáàtì 1,000, kó tó pé wákàtí mẹ́ta, ilé á ti ṣókùnkùn. Ibi tí ìjà àwọn oníbàárà pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe ínfátà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Oníbàárà ní wọ́n lu òun ní jìbìtì, bẹ́ẹ̀ kò sọ fún wọn pé òun máa fi sun oorun tútù.

Òrùlé pàápàá ní tiẹ̀ láti ṣe. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí gúúsù ni pánẹ́ẹ̀lì ti ń rí oòrùn jù, tí tánkì omi aládùúgbò kò bá ṣíji bò ó. Káfíńtà tó ń kan igi òrùlé ló yẹ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ṣáájú, kì í ṣe ẹni tó wá gbé pánẹ́ẹ̀lì gun orí páànù tó ti ń mì.

Ẹni tí agbára ẹ̀ ò sì tíì ká sólà, tó jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ náà ni yóò fara mọ́, àyè ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú pílánì ilé: ìta gbangba, kó jìnnà sí fèrèsé. Nítorí olè ni wọ́n ṣe máa ń gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí kíṣìnnì lóru. Èéfín ẹ̀ ní afẹ́fẹ́ kan nínú tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀. Odidi ìdílé ti sùn báyìí l'Ékòó tí ilẹ̀ mọ́ tí ẹnikẹ́ni ò jí. Olè tí wọ́n torí ẹ̀ gbé e wọlé lè má wá rárá.

Omi tún wà ńbẹ̀. Kànga ẹ̀rọ ni gbogbo ilé tuntun ń gbẹ́, torí ẹni tó bá ń dúró de omi ìjọba yóò dúró pẹ́. Ilẹ̀ kan jẹ́ 60 ẹsẹ̀ sí 120, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lè rà, 60 sí 60. Wọ́n ní ó yẹ kí kànga àti sọkawé jìnnà síra wọn tó 100 ẹsẹ̀. Ẹ fa okùn láti igun kan ààbọ̀ ilẹ̀ dé igun kejì tó dojú kọ ọ́, kò pé 85! Ti aládùúgbò tún wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì, ẹnì kan kì í sì í bi ẹnì kejì ibi tó gbẹ́ tiẹ̀ sí. Àwọn tó bá gbọ́n máa ń yọjú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì kí wọ́n tó gbẹ́ ohunkóhun, wọ́n á sì jẹ́ kí kànga jìn dáadáa. Síbẹ̀, omi ọ̀pọ̀ kànga Èkó ní ìpẹtà nínú. Tó bá fa lówùúrọ̀ á funfun bí ọtí, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ á ti pọ́n nínú garawa. Ẹ̀rọ asẹ́mi gba àyè, àyè yẹn náà ló máa ń ṣẹlẹ̀ pé wọn kò fi sílẹ̀, tí wọ́n á fi máa fi omi ìpẹtà fọ bàlùwẹ̀ onítáìlì funfun.

Kámẹ́rà, géètì tó ń ṣí fúnra ẹ̀, àti fóònù tó ń tan iná yàrá, àwọn yẹn lè dúró. Ọjà tó ń yí padà lọ́dọọdún ni.

Nírọ̀lẹ́, àwọn èrò Ayọ̀bọ̀ tún padà sábẹ́ bíríìjì, wọ́n ti rẹ̀, eruku sìmẹ́ǹtì wà lára ṣòkòtò wọn. Lójú ọ̀nà Ìpájà, iná dé lójijì, àwọn ọmọdé sì pariwo "Up NEPA!" láti ojú pópó kan sí èkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí NEPA mọ́ láti ọdún 2005, kí wọ́n tó bí wọn. Nínú ilé aláìlórùlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, òkùnkùn ṣì wà. Oníná ti lọ sílé, ó ti fi bébà àpò sìmẹ́ǹtì di ẹnu páìpù kọ̀ọ̀kan nínú ògiri, kí kọnkéré ọ̀la má baà wọnú ẹ̀.