Gbèsè Tí A Jẹ Ẹyẹ Inú Ilé

Ẹyẹlé ni ẹyẹ tí a mọ̀ mọ́ ilé ní Ìgànná àti káàkiri Òkè-Ògùn. A ó kan àpótí mọ́ ara ògiri, a ó da ọkà bàbà sílẹ̀, ẹyẹlé á máa lọ, á máa bọ̀. Kò sẹ́ni tó ń ronú ibi tí yóò ti ṣeré, nítorí gbogbo òfuurufú ni pápá ìṣeré rẹ̀. Bí ilé bá sú u, yóò fò lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ẹyẹ tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń rà wálé láti Ìbàdàn àti Èkó fi ń gbé mi lọ́kàn. Ayékòótọ́ wẹ́wẹ́ ni, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ ìyeyè, aláwọ̀ sánmà, tí wọ́n ń pè ní budgie. Àgò ni wọ́n fi gbé e wá, inú àgò náà ló sì ń wà tọ̀sán-tòru. Kò yan ilé wa. Àwa la yàn án. Ẹni tó bá sì mú ẹ̀dá mìíràn sọ́dọ̀ láìgba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ti jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ká tó lè san gbèsè náà, ó yẹ ká mọ ibi tí ẹyẹ yìí ti ṣẹ̀ wá. Ilẹ̀ Ọsirélíà ni, ní àárín gbùngbùn ibẹ̀, níbi tí òjò ti ṣọ̀wọ́n tí koríko sì pọ̀ ju igi lọ. Agbo ńlá ni wọ́n fi ń rìn. Ibi tí òjò bá ti rọ̀ tí koríko sì ti so ni wọ́n ń fò lọ. John Gould, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó mọ̀ nípa ẹyẹ, ló kó wọn dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàyè ní 1840, ọ̀sìn wọn sì tàn ká ayé. Ẹyẹ kan kì í sábà wúwo ju gíráàmù 30 sí 40 lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí bí ẹ̀gà ṣe ń ya bo oko ọkà bàbà wa yóò lóye irú ẹ̀dá tó jẹ́: kì í dá wà, kì í sì í jókòó sójú kan.

Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Ọmọ ìka méjì kọjú síwájú, méjì kọjú sẹ́yìn, ó sì ń fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di igi mú gírígírí. Bí gbogbo ọ̀pá inú àgò bá rí bákan náà, tó ń dán, tí ìwọ̀n wọn kò yàtọ̀, ojú kan náà ni yóò máa fi tẹlẹ̀ lójoojúmọ́, títí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi di egbò. Ẹ̀ka igi gan-an ni oògùn rẹ̀, níbi kan nínípọn, níbi kan tín-ínrín. Gúrọ́fà dára fún un: igi rẹ̀ le, bí ẹyẹ bá sì bó èèpo rẹ̀ jẹ, kò ní pa á lára. Láti ṣe ibi ìṣeré fún un níta àgò, ẹ gé ẹ̀ka tó ya sọ́tùn-ún sósì, ẹ fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ. Ẹ wá pákó fẹ̀ǹfẹ̀ kan, ẹ kan etí sí i yí ká kí èèpo ọkà má baà dà sílẹ̀, ẹ lu ihò sí i, kí ẹ sì fi igi wẹ́wẹ́ há ẹ̀ka náà mọ́ inú ihò. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ẹ má sì kùn ún ní ọ̀dà, nítorí ohun gbogbo ni ẹyẹ yìí ń fi ẹnu tọ́ wò.

Ohun ìṣeré kò wọ́n ní ìlú àgbẹ̀. Èéfọ́ igbá, ṣúkù àgbàdo àti háhá rẹ̀ tó gbẹ tó ẹyẹ ṣeré. Orí ọkà bàbà tàbí jéró ni kí ẹ fi pamọ́ sáàárín háhá náà, kí ó máa tú u wá fúnra rẹ̀. Wíwá oúnjẹ ni iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ nínú pápá. Ẹyẹ tí kò bá ríṣẹ́ ṣe lè bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìyẹ́ ara rẹ̀ tu.

Kì í ṣe gbogbo igi àyíká wa ló yẹ kó kan ẹnu rẹ̀. Lápálápá tí a fi ń ṣe ọgbà ní májèlé. Ẹ yẹra fún kajú náà: ẹni tó bá ti yan án rí mọ ohun tí oje rẹ̀ ń ṣe fún awọ ara. Ẹ má ṣe gé ẹ̀ka nínú oko tí wọ́n ti fín oògùn apakòkòrò sí. Ẹ yẹra fún wáyà tí wọ́n fi síńkì bò, nítorí síńkì àti òjé ń pa ẹyẹ. Okùn tó ti ń tú náà léwu. Fọ́nrán òwú tín-ínrín bí èyí tó ń já bọ́ lára aṣọ òfì Ìṣẹ́yìn lè wé mọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní dé ibẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n bó ti wù kí pákó náà dára tó, inú yàrá ló wà, ó sì yẹ ká wo yàrá yẹn bí ẹyẹ ṣe ń wò ó. Ológbò àti ejò ni ọkàn wa kọ́kọ́ ń lọ sí. Ohun tí ojú wa ti mọ́ ni a kì í kà sí. Wọ́n lè mú iná lọ láàárọ̀ nígbà tí fáànù òkè àjà ń yí. A ó gbàgbé pé a kò pa á. Ẹyẹ á wà lókè, iná á dé lójijì. Nítorí náà, orísun rẹ̀ lára ògiri ni ká ti pa fáànù, ká má wo ti pé kò yí. Bákan náà ni ike omi tí a kò bò, tí ẹyẹ kékeré lè bọ́ sí. Fèrèsé onídígí, tí ẹyẹ kò mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀, àfi ká ta kọ́tìnì sí i. Àti ilẹ̀kùn tí ọmọdé ń ṣí láìwẹ̀yìn.

Èéfín ló ń dẹ́rù bà mí jù. Ẹyẹ ní àpò afẹ́fẹ́ lára, tó fi jẹ́ pé bó ń mí sínú, bó ń mí síta, afẹ́fẹ́ ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kọjá. Ohun burúkú tó bá wà nínú afẹ́fẹ́ kì í pẹ́ mú un. Èyí ni àwọn awa-èédú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ẹyẹ kánárì wọ inú ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí John Scott Haldane, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ṣe gbà wọ́n nímọ̀ràn. Bí ẹyẹ bá dákú, wọ́n á sá jáde. Títí di 1986 ni wọ́n fi ń lò ó. Ẹ gbé ibi ìṣeré ẹyẹ jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, sí sítóòfù, sí oògùn ẹ̀fọn tí a ń fín. Àwo ìdín tí ẹyin kì í lẹ̀ mọ́ léwu ju gbogbo wọn lọ: bó bá gbóná jù, afẹ́fẹ́ tí ń jáde lára rẹ̀ lè pa ẹyẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí àwa má sì gbóòórùn ohunkóhun. Nípa oúnjẹ, ẹ má fún un ní píà rárá, bẹ́ẹ̀ ni ẹ má fún un ní ṣokoléètì.

Mo fẹ́ bẹ àwọn ọ̀dọ́ wa ní ohun kan sí i. Ìlú wa kò jìnnà sí ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀, ọ̀nà òwò sì pọ̀. Ẹ má torí pé ẹyẹ wù yín kí ẹ lọ dẹ tàkúté fún ayékòótọ́ inú igbó. Odídẹrẹ́, tí ìkóódẹ rẹ̀ níyì tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọba wa, ti dín kù púpọ̀. Ní 2016, ní ìpàdé CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, ní Johannesburg, àwọn orílẹ̀-èdè tó pọ̀ jù dìbò pé a kò gbọdọ̀ fi èyí tí a mú nínú igbó ṣòwò láti ilẹ̀ kan sí òmíràn mọ́. Èyí tí wọ́n bí sínú àgò láti ìran dé ìran ni kí ẹ sìn, kí ẹ sì fi ti igbó sílẹ̀ fún igbó.

Lẹ́yìn igi àti pákó, àsìkò ló kù, òun ló sì wọ́n jù. Ẹyẹ tó wà níta àgò gbọ́dọ̀ ní ẹni tó jókòó tì í, lójoojúmọ́, fún ọdún márùn-ún títí dé mẹ́wàá tó lè lò láyé. Ẹni tí kò bá ní àsìkò yẹn, kó má rà á. Ẹni tó bá ní in, kó pe àwọn ọmọ rẹ̀ sí iṣẹ́ náà: kí wọ́n bá a fọ ẹ̀ka, kí wọ́n yẹ fèrèsé wò, kí wọ́n bo omi. Ọmọ tó bá ti kọ́ láti pa fáànù kó tó ṣílẹ̀kùn àgò ti ń kọ́ bí a ṣe ń ro ti ẹlòmíràn mọ́ tara ẹni, ìwà yẹn yóò sì wúlò fún un láàárín ènìyàn.