Bàtà tuntun kọ́ ni ti ìrìn àjò

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń lọ wo Lọ́ńdọ̀nù lóṣù tó ń bọ̀. Ó ti ra bàtà funfun kan, ó ní ọjọ́ tí òun bá ń wọ ọkọ̀ òfúrufú lòun máa ṣí i. Mo ní kó gbé e wá ká fi gun òkè tí omi Olúmirin ti ń já bọ́ ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ná. Ará Ifẹ̀wàrà ni wá, ibẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí wa.

Ìpele méje ni omi yẹn. Àkọ́kọ́ rọrùn, ọmọdé gan-an ń ṣeré níbẹ̀. Láti ìkejì lọ ni òkúta ti ń yọ̀, tí bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń dán sì ń tú àṣírí ara rẹ̀. Kí á tó dé ìkẹta, bàtà náà ti bó o ní gìgísẹ̀. Ó bọ́ ọ, ó fi ẹsẹ̀ lásán sọ̀ kalẹ̀.

Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ṣé òkè wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni?” Òkè kọ́, àtẹ̀gùn ni. Ibùdókọ̀ ojú irin Covent Garden nìkan, àtẹ̀gùn 193 ni, bí ẹ ò bá fẹ́ tò síbi ẹ̀rọ agbéniròkè.

Torí náà, bí ẹ bá ń múra ìrìn àjò, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ra bàtà, torí ẹsẹ̀ á ti wú díẹ̀. Kí àyè ìwọ̀n àtàǹpàkò kan ṣẹ́ kù níwájú ọmọ ìka. Kí ẹ sì fi ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ máa lò gan-an dán an wò.

Ní ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, kánfáàsì rẹ̀ àtijọ́ ló ń gbé lọ báyìí. Ó ní funfun yẹn ti di ti ṣọ́ọ̀ṣì.